Ṣé Máńgánísì Ń Fa Jẹjẹrẹ? Ọ̀rọ̀ Kan fún Ìdílé Wa ní Ọ̀tà àti Sàǹgó

 

Ní ọjọ́ Sunday kan, lẹ́yìn tí a parí àsàlátù ní Sàǹgó, ìyá kan mú ìwé pélébé kan wá bá wa. Ọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀rọ asẹ́mi ló ń pín in kiri láti ojúlé dé ojúlé ní àdúgbò wọn. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé omi kànga ẹ̀rọ àdúgbò náà ní máńgánísì nínú, pé máńgánísì ń fa jẹjẹrẹ, pé ó sì ń ba àbùdá ọmọ jẹ́ láti inú oyún. Ẹ̀rọ náà wọ́n gan-an. Owó iléèwé àwọn ọmọ ni ìyá yìí fẹ́ kó lé e lórí.

Bí a ṣe ń bá a sọ̀rọ̀ lọ, a béèrè iṣẹ́ tí bàálé rẹ̀ ń ṣe. Ó ní wẹ́dà ni. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tó ti ń jó irin nínú ṣọ́ọ̀bù kan tó há, tí kò ní fèrèsé, tí wọ́n sì máa ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀ tí òjò bá ń rọ̀. Kì í fi nǹkan kan bo imú. Nígbà tó bá dé ilé nírọ̀lẹ́, aṣọ iṣẹ́ náà ló fi ń gbé ọmọ jókòó sí itan. Ìyá náà sọ gbogbo èyí pẹ̀lú ẹ̀rín. Kò bà á lẹ́rù rárá. Omi ló ń bà á lẹ́rù.

Ọ̀rọ̀ omi àti ọ̀rọ̀ èéfín yìí, máńgánísì wà nínú méjèèjì. Èyí tó yẹ kí ìyá yìí kọ́kọ́ mójú tó ni kò kà sí. Ìdí nìyẹn tí a fi rò pé ó yẹ kí a jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí, kí a wo ohun tí àwọn tó yẹ máńgánísì wò sọ nípa jẹjẹrẹ àti nípa àbùdá, àti bí wọ́n ṣe dé ibi tí wọ́n dé.

Kí ni máńgánísì, níbo ló sì wà?

Máńgánísì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn èròjà tí Ọlọ́run dá sínú ilẹ̀ àti òkúta. Ó jọ irin. Ara wa pàápàá nílò rẹ̀. Bíi mílígírámù 2 lójúmọ́ ni àgbàlagbà nílò, kí egungun lè le, kí ara sì lè rí oúnjẹ tó jẹ lò. Inú ẹ̀wà, ẹ̀pà, ẹ̀fọ́, ọkà tí wọn kò bó èèpo rẹ̀ tán àti tíì la ti ń rí i. Nítorí náà, ẹni tó bá kàn sọ pé májèlé ni máńgánísì, tí kò sọ iye tó wọ ara àti ọ̀nà tó gbà wọlé, kò tíì sọ ọ̀rọ̀ náà tán.

Ní agbègbè wa, ọ̀nà mẹ́rin la fi ń bá a pàdé. Ọ̀nà kìíní ni iléru. Níbikíbi tí wọ́n bá ti ń yọ́ irin àlòkù láti fi ṣe irin ìkọ́lé, wọ́n máa ń da máńgánísì sí irin tó ń hó náà kó lè mọ́, kó sì lè le. Díẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń bá èéfín jáde. Ọ̀nà kejì ni iṣẹ́ wẹ́dà. Igi irin tí wọ́n fi ń jó irin pọ̀, tí wọ́n ń pè ní ẹlẹ́kítíróòdù, ní máńgánísì nínú, irin tí wọ́n ń jó náà sì ní tirẹ̀. Ọ̀nà kẹta ni bátìrì tọ́ọ̀ṣì: ìyẹ̀fun dúdú tó wà nínú rẹ̀, máńgánísì tí wọ́n pò mọ́ èédú ni. Ọ̀nà kẹrin ni omi abẹ́ ilẹ̀. Níbi tí atẹ́gùn kò bá ti dé inú ilẹ̀, máńgánísì máa ń yọ́ sínú omi láìsí ẹni tó rí i. Tí omi náà bá wá bọ́ sí gbangba, á máa dì dúdúdúdú sí ara táǹkì àti sí ìdí báfù.

Irú máńgánísì yìí, èyí tó wà nínú irin, eruku, iyọ̀ àti omi, ni àwọn onímọ̀ ń pè ní inorganic. Òun nìkan la ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí. Àwọn oògùn kan wà tí àwọn àgbẹ̀ ń fín sí irè oko tí máńgánísì wà nínú wọn, ṣùgbọ́n èròjà mìíràn tí wọ́n so mọ́ ọn sọ ìyẹn di ọ̀tọ̀, ọ̀tọ̀ sì ni ìdájọ́ rẹ̀.

Kí là ń pè ní bíba àbùdá jẹ́?

Àkọsílẹ̀ kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan tó para pọ̀ di ara wa. DNA ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń sọ fún ara bí yóò ṣe máa ṣiṣẹ́, òun náà sì ni bàbá àti ìyá ń fi lé ọmọ lọ́wọ́.

Ẹ fi wé wàláà ilé kéwú. Kí sẹ́ẹ̀lì kan tó di méjì, ó ní láti da gbogbo ohun tó wà lórí wàláà rẹ̀ kọ sórí òmíràn. Bí ọmọ kéwú bá ṣi háráfì kan kọ, alfa á rí i, á ní kó fọ̀ ọ́, kó sì tún un kọ. Ara wa náà ní àwọn alfa tirẹ̀ tó ń tọ́ àṣìṣe sọ́nà tọ̀sántòru. Tí àṣìṣe bá wá pọ̀ ju agbára wọn lọ, tàbí tó bọ́ sí ibi tó léwu, sẹ́ẹ̀lì náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ láìgbọ́ràn sí ara mọ́. Bí jẹjẹrẹ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tí àṣìṣe bá sì bọ́ sínú àtọ̀ ọkùnrin tàbí ẹyin obìnrin, ọmọ lè jogún rẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé nǹkan méjì ni. Kí àbùdá bàjẹ́ kì í ṣe jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àṣìṣe ni ara ń tún ṣe lójoojúmọ́ tí a kì í mọ̀. Ṣùgbọ́n tí nǹkan kan bá ń ba àbùdá jẹ́, ó yẹ kí a fura sí i, kí a sì wádìí rẹ̀ síwájú.

Ẹlẹ́rìí mẹ́ta

Àwọn àgbà wa ní agbọ́ẹjọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà ni. Àwọn tó ń ṣèdájọ́ lórí ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ náà kì í gbọ́ ti ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo. Mẹ́ta ni wọ́n máa ń pè: ìgò àyẹ̀wò, ẹranko, àti ènìyàn.

Ìgò àyẹ̀wò ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n da máńgánísì lé àwọn kòkòrò àìfojúrí lórí, wọ́n sì dà á lé sẹ́ẹ̀lì ẹranko àti ti ènìyàn lórí. Àbùdá àwọn kòkòrò kan yí padà, ti àwọn mìíràn kò yí. Nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì, DNA já nínú ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò. Wọ́n tún mọ ohun tó lè fà á. Èròjà kan tó ń jẹ́ magnesium ló máa ń ran àwọn tó ń da àbùdá kọ lọ́wọ́. Tí máńgánísì bá gba ipò rẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣi kíkọ. Kódà, nígbà tí àwọn onímọ̀ bá fẹ́ kí ẹ̀dà DNA ní àṣìṣe nínú ìgò nítorí ìwádìí kan, wọ́n máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fi máńgánísì sí i.

Nítorí náà, ẹlẹ́rìí yìí kò purọ́. Àléébù rẹ̀ ni pé sẹ́ẹ̀lì inú ìgò kò ní ìfun tí yóò kọ ohun tó pọ̀ jù, kò sì ní ẹ̀dọ̀ tí yóò kó o dànù. Tààrà ni wọ́n da máńgánísì lé e lórí. Ara ènìyàn kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹranko ni ẹlẹ́rìí kejì. Lórí ọ̀rọ̀ àbùdá, ẹnu wọn kò kò. Ìwádìí kan ní òun rí àbùdá tó já nínú mùdùnmúdùn egungun eku, òmíràn ní òun kò rí nǹkan kan. Lórí jẹjẹrẹ, ìwádìí tó tóbi jù lọ ni èyí tí National Toxicology Program ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1993. Odidi ọdún 2 ni wọ́n fi po iyọ̀ kan tó ń jẹ́ manganese sulfate mọ́ oúnjẹ àwọn eku ńlá àti èkúté kéékèèké. Àwọn tí wọ́n fún ní èyí tó pọ̀ jù, gírámù 15 ló wà nínú kílò oúnjẹ wọn kan. Bí ẹ bá rántí pé mílígírámù 2 ló ń tó àgbàlagbà lójúmọ́, ẹ óò rí i pé oúnjẹ eku yẹn pọ̀ ju ti ènìyàn lọ fíìfíì.

Kí ni wọ́n rí? Lára àwọn eku ńlá, wọn kò rí ẹ̀rí jẹjẹrẹ kankan, lákọ àti lábo. Lára àwọn èkúté, wọ́n rí kókó díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ ní ọ̀fun, nínú ẹ̀yà ara tí a mọ̀ mọ́ gẹ̀gẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní thyroid. Irú kókó náà kì í ṣe jẹjẹrẹ, iye tó fi lé sí i kò sì pọ̀. Àwọn tó ṣèwádìí náà kò sọ pé ẹ̀rí wà, wọn kò sì sọ pé kò sí. Wọ́n ní ẹ̀rí náà ń mì, kò fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ẹlẹ́rìí kẹta, tó ṣe pàtàkì jù, ni ènìyàn fúnra rẹ̀. Wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn wẹ́dà wò, wọ́n sì rí àbùdá tó já lára àwọn kan. Ṣùgbọ́n máńgánísì nìkan kọ́ ló wà nínú èéfín tí wọ́n ń fà símú. Nickel wà níbẹ̀, chromium wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì sì jẹ́ ohun tí a mọ̀ dájú pé irú wọn kan ń fa jẹjẹrẹ. Àwọn kan lára òṣìṣẹ́ náà tún ń mu sìgá. Bí ènìyàn mẹ́rin bá jọ wọ ilé, tí ẹrù sì sọnù, a kò lè na ìka sí ọ̀kan nínú wọn kí a ní òun ni olè, pàápàá nígbà tí méjì nínú wọn ti jalè rí.

Ìdájọ́

Àjọ tó ń dáàbò bo àyíká ní Amẹ́ríkà, EPA, gbọ́ gbogbo ẹ̀rí yìí, ó sì fi máńgánísì sí ìsọ̀rí D. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò tó láti fi sọ pé ó ń fa jẹjẹrẹ lára ènìyàn, kò sì tó láti fi sọ pé kò lè fà á. Àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, IARC, tó wà ní ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé, kò ka máńgánísì mọ́ àwọn nǹkan tó ń fa jẹjẹrẹ. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé ìwé jáde lórí máńgánísì ní 1999, tí ó sì dábàá ìwọ̀n tí kò yẹ kó kọjá nínú afẹ́fẹ́, ewu tó ń ṣe fún ọpọlọ àti iṣan ló fi ṣe ìpìlẹ̀ ìwọ̀n náà, kì í ṣe jẹjẹrẹ.

Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra fún àṣìṣe méjì níbí. Ẹni àkọ́kọ́ ni ẹni tó gbọ́ pé DNA já nínú ìgò, tó wá sáré kọ ọ́ sínú ìwé pélébé pé máńgánísì ń fa jẹjẹrẹ. Ẹlẹ́rìí kan péré ló gbọ́ ti ẹnu rẹ̀. Ẹni kejì ni ẹni tó gbọ́ pé ẹ̀rí kò tó, tó wá ní kò séwu rárá, kí a máa fà á símú lọ. Adájọ́ tó ní ẹ̀rí kò tó kò sọ pé ẹni tó wà níwájú òun mọ́. Ó kàn ní òun kò lè dá a lẹ́bi lórí ẹ̀sùn yìí ni. Máńgánísì sì ní ẹ̀sùn mìíràn lọ́rùn, èyí tí ẹ̀rí rẹ̀ ti pé tipẹ́tipẹ́.

Ohun tó dájú: ọpọlọ

Ní 1837, dókítà kan tó ń jẹ́ Couper ní ilẹ̀ Scotland kọ̀wé nípa àwọn òṣìṣẹ́ kan tí iṣẹ́ wọn jẹ́ lílọ máńgánísì dúdú. Ẹsẹ̀ wọn ń rọ, wọ́n ń tẹ̀ síwájú bí wọ́n ṣe ń rìn, ohùn wọn sì lọ sílẹ̀ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń rí irú àìsàn yìí láàárín àwọn tó ń wa máńgánísì nínú ilẹ̀, àwọn tó ń yọ́ irin, àti àwọn wẹ́dà. Ó jọ àìsàn Parkinson, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Kì í bẹ̀rẹ̀ lójijì. Ènìyàn á máa bínú láìnídìí, oorun á dín kù, ó lè máa gbàgbé nǹkan. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ á máa falẹ̀, ojú á le bí ẹni tí kò lè rẹ́rìn-ín mọ́, ìrìn á yí padà. Àwọn ará ilé lè máa rò pé ayé ló ń ṣe é. Tí ó bá ti jinlẹ̀, kì í sábà padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, kódà tí ẹni náà bá fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Èé ṣe tí ti èéfín fi burú ju ti oúnjẹ lọ? Tí máńgánísì bá gba ẹnu wọlé, ìfun á kọ èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀, ẹ̀dọ̀ á sì fi òróòro kó èyí tó ṣẹ́ kù jáde. Èyí tó gba imú wọlé kì í kọ́kọ́ kọjá lọ́dọ̀ ẹ̀dọ̀. Láti inú ẹ̀dọ̀fóró ló ti ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, tó sì ń dé ọpọlọ. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń jẹ ẹ̀wà lójoojúmọ́ kò fi ní ìṣòro kankan, tí ẹni tó ń fa èéfín irin símú fi wà nínú ewu.

Àwọn méjì kan tún wà tó yẹ kí a ṣọ́ jù. Ìkókó ni àkọ́kọ́: ìfun rẹ̀ máa ń gba máńgánísì wọlé ju ti àgbà lọ, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò sì tíì mọ bí a ti ń kó o dànù dáadáa. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ kò tó lára rẹ̀ nítorí àìtó èròjà irin ni èkejì, títí kan aláboyún. Ara tí ebi irin ń pa máa ń gba máńgánísì wọlé ju bó ṣe yẹ lọ.

Èéfín wẹ́dà ní ẹjọ́ tirẹ̀

A ti sọ pé wọn kò tíì dá máńgánísì lẹ́bi lórí jẹjẹrẹ. Èyí kò yọ èéfín iṣẹ́ wẹ́dà. Ní 2017, IARC tún ẹjọ́ èéfín wẹ́dà gbọ́, ó sì gbé e lọ sí ìsọ̀rí 1, ibi tí èéfín sìgá wà. Ẹ̀rí ti tó pé ó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n tún fi ìmọ́lẹ̀ líle tó ń jáde nígbà tí wọ́n bá ń jó irin sí ìsọ̀rí kan náà, nítorí jẹjẹrẹ tó ń ṣe ojú.

Ẹ wá rí i bí ọ̀rọ̀ ìyá wa yẹn ṣe rí báyìí. Omi tó ń sá fún, kò sí ẹ̀rí pé máńgánísì inú rẹ̀ yóò fa jẹjẹrẹ. Èéfín tó ń bá bàálé rẹ̀ wọlé, ẹ̀rí ti wà pé ó ń fà á, ó sì tún lè ṣe ọpọlọ lọ́ṣẹ́.

Ti Ọ̀tà wa ńkọ́?

Ọ̀tà tí a mọ̀ sí ìlú Awórì ti di ọ̀kan lára ibi tí ilé-iṣẹ́ pọ̀ sí jù ní Nàìjíríà. Láti Sàǹgó dé Ìyànà-Ìyẹsí, títí dé ọ̀nà Ìdíróko, ilé-iṣẹ́, ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà, ilé ìwé àti ilé gbígbé ló fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Ní 2017, àwọn onímọ̀, tí àwọn ará Covenant University tó wà ní Ọ̀tà níbí wà lára wọn, gbé ìwádìí jáde lórí àwọn irin tó wà nínú eruku kíkúnná afẹ́fẹ́ Ọ̀tà Industrial Estate àti ewu tó lè ṣe fún ara. Eruku tí wọ́n yẹ̀ wò kúnná ju irun orí lọ dáadáa, ó sì lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ jìnnà. Irú ìwádìí báyìí dára, nítorí ẹnikẹ́ni kò lè fojú wo èéfín kó sọ irin tó wà nínú rẹ̀. Wíwọ̀n ló ń fi hàn.

Ohun tí ìdílé wa lè ṣe

Fún àwọn wẹ́dà wa: atẹ́gùn ni oògùn àkọ́kọ́. Ẹ gbé iṣẹ́ síta níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ẹ dúró kí atẹ́gùn máa gba ẹ̀gbẹ́ yín fẹ́ èéfín lọ, ẹ má ṣe tẹ orí sórí ibi tí èéfín ti ń rú. Bó bá jẹ́ inú ṣọ́ọ̀bù ni dandan, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí fáànù máa lé èéfín jáde. Ẹ ha ọ̀dà kúrò lára irin kí ẹ tó jó o. Aṣọ pélébé tàbí ìbòmú bébà lásán kò lè dá èéfín irin dúró. Ìbòmú tó ní asẹ́, tó sì lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa, ló ń ṣe é. Ẹni tó dá irùngbọ̀n sí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìbòmú kì í lẹ̀ mọ́ irùngbọ̀n dáadáa, èéfín á máa gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ìta gbangba ló ṣe pàtàkì jù.

Fún àwọn ará ilé: aṣọ iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ wọ yàrá. Kí bàbá bọ́ ọ sí ẹnu ọ̀nà, kó fọ ọwọ́, ojú àti apá kó tó gbé ọmọ. Kí a fọ aṣọ náà lọ́tọ̀. Ká rẹ ẹ́ sómi kó tó di pé a gbọ̀n ọ́n, torí gbígbọ̀n yóò fọ́n eruku rẹ̀ sínú ilé. Bí bàbá bá sì ti ń yí padà bí a ṣe ṣàlàyé lókè, ẹ mú un lọ sí ọsibítù, kí ẹ sì sọ iṣẹ́ tó ń ṣe fún dókítà, torí dókítà tí kò mọ iṣẹ́ ẹni lè máa wá àìsàn náà síbi tí kò sí.

Fún àwọn alfa àti olùkọ́: ní àwọn ilé kéwú àti iléèwé wa kan, wọ́n máa ń fọ́ bátìrì tọ́ọ̀ṣì tó ti kú, wọ́n á pò ìyẹ̀fun dúdú rẹ̀ mọ́ èédú àti ewé láti fi kun pátákó ìkọ̀wé. Àwọn ọmọ ló sábà máa ń fọwọ́ pò ó. Máńgánísì ni. Ẹ jẹ́ kí a dá a dúró. Ọ̀dà pátákó wà lọ́jà. Kí àwọn ọmọ má ṣe fi bátìrì ṣeré, kí a má sì jù ú sínú iná.

Fún ọ̀rọ̀ omi: ẹ wo àmì. Ìdọ̀tí tó pọ́n bí ìpẹtà sábà máa ń jẹ́ ti irin. Èyí tó dúdú bí èédú sábà máa ń jẹ́ ti máńgánísì. Àmọ́ ojú kò lè wọn iye. Ẹ gbé omi lọ sí ilé àyẹ̀wò kí ẹ tó ra ẹ̀rọ kankan, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ iye máńgánísì sílẹ̀ fún yín. Nínú òdiwọ̀n Nàìjíríà fún omi mímu tí wọ́n gbé jáde ní 2007, mílígírámù 0.2 nínú lítà kan ni wọ́n kọ, àìsàn ọpọlọ àti iṣan sì ni ìdí tí wọ́n kọ sí i. Ní 2021, WHO dábàá 0.08, nítorí àwọn ìkókó tó ń mu wàrà agolo. Nítorí náà, bí omi yín bá ń dì dúdú, ẹ má fi po wàrà ìkókó títí ẹ ó fi mọ iye tó wà níbẹ̀. Wàrà ọmú ìyá ló dára jù. Síse omi ń pa kòkòrò, kì í mú máńgánísì kúrò. Ṣe ni omi tó bá gbẹ kúrò lórí iná á fi èyí tó kù sílẹ̀ kó túbọ̀ ki.

Àwọn kan bi wá bóyá irú omi bẹ́ẹ̀ tọ́ fún àlùwàlá. Àwọn onímọ̀ mọ́síhàbì Máálíkì ti ṣàlàyé pé omi tó yí àwọ̀ padà nítorí ilẹ̀ tó ti jáde kò pàdánù ìmọ́ rẹ̀. Máńgánísì kì í sì fi bẹ́ẹ̀ gba awọ ara wọlé. Ẹ fi ọkàn balẹ̀ lórí ti àlùwàlá. Ṣùgbọ́n pé omi tọ́ fún àlùwàlá kò sọ pé ó tọ́ kí ìkókó máa mu ún lójoojúmọ́.

Fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́: òfin Employees' Compensation Act ti 2010 ka àìsàn tó wá láti ibi iṣẹ́ mọ́ ohun tí a lè gba owó ìtanràn lé lórí, àjọ NSITF ló sì ń bójú tó o. Bí èéfín bá ń dààmú àdúgbò, NESREA ti ìjọba àpapọ̀ àti OGEPA ti Ìpínlẹ̀ Ògùn ni ẹ lè kọ̀wé sí. Kí gbogbo ojúlé jọ fọwọ́ sí ìwé náà, kí ẹ sì kọ ọjọ́ àti àkókò tí èéfín ń jáde sí i.

Ẹ má sì tìtorí ọ̀rọ̀ yìí fi ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ sílẹ̀. Ẹ̀fọ́, ẹja àti ẹran tó ní èròjà irin wà lára ohun tó ń dáàbò bo aláboyún àti ọmọ.

Ìyá wa kò tíì ra ẹ̀rọ asẹ́mi. A ní kó kọ́kọ́ gbé omi lọ fún àyẹ̀wò, ó sì ti gbé e lọ. Ní ọjọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, òun nìkan kọ́ ló wá. Bàálé rẹ̀ ló dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí. Ó béèrè ibi tí wọ́n ti ń ta ìbòmú tó ní asẹ́, ó ní òun ti yọ páànù ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù kúrò kí atẹ́gùn lè máa wọlé. A wo irùngbọ̀n rẹ̀, a ṣàlàyé ti irùngbọ̀n fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, ìta gbangba lòun yóò kúkú máa jó irin òun.

Kí Ọlọ́run Allah ṣọ́ ara àti ọpọlọ wa, kó sì fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn bàálé wa. Àmín.